Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn dókítà aṣèwádìí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọ iṣẹ́ ní fásitì Amẹ́ríkà?

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 ni ìròyìn owó ìwádìí ìṣègùn ní Amẹ́ríkà ti ń jáde léraléra. Lónìí, ìjọba dá owó dúró. Lọ́la, adájọ́ ní kí wọ́n dá a padà. Lọ́túnla, fásitì kan ní òun kò gba òṣìṣẹ́ tuntun mọ́. Àwọn tó ní ọmọ tàbí àbúrò tó jẹ́ dókítà lọ́hùn-ún ń béèrè pé: ṣé àìsàn ti tán nílẹ̀ Amẹ́ríkà ni? Kí ló kan dókítà nínú owó ìwádìí?

Dókítà tó ń tọ́jú aláìsàn nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìṣòro àtirí iṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn tí wàhálà yìí bá ní tààrà ni àwọn dókítà tó tún jẹ́ aṣèwádìí, pàápàá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́, tí wọ́n fẹ́ wọ iṣẹ́ olùkọ́ àkọ́kọ́ wọn ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ọ̀nà tí owó wọn ń gbà wọlé yàtọ̀, ó sì díjú. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà náà kò ní mọ ìdí tí ìwé kan ṣoṣo láti ọ́fíìsì ìjọba fi lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá.

## Ta ni wọ́n ń pè ní dókítà aṣèwádìí?

Ìbàdàn mọ irú wọn dáadáa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, dókítà ọpọlọ àti iṣan ní UCH, rí àwọn aláìsàn tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́, tí ojú wọn ń ṣú, tí etí wọn sì ń di. Kò fi mọ sí kíkọ oògùn fún wọn. Ó tọ ọ̀rọ̀ náà dé Ẹ̀pẹ́ àti agbègbè Ìjẹ̀bú, ó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti oúnjẹ, ó sì so àìsàn náà mọ́ májèlé sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ tí wọn kò ṣe dáadáa kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Iṣẹ́ náà jáde ní 1968. Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn ní òwúrọ̀, tó sì ń wá orísun àìsàn náà ní ọ̀sán, òun ni wọ́n ń pè ní physician-scientist.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, tó gboyè ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1980, tún jẹ́ àpẹẹrẹ. Ó di olùkọ́ ní Yunifásítì Chicago ní 1991, iṣẹ́ rẹ̀ lórí jẹjẹrẹ ọmú láàárín àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú sì mú kó gba ẹ̀bùn MacArthur ní 2005.

Irú wọn kò pọ̀. Láti 1979 ni James Wyngaarden, tó di olórí NIH lẹ́yìn náà, ti kéde pé wọ́n ń tán lọ. Ìgbìmọ̀ kan tí NIH gbé kalẹ̀ jábọ̀ ní 2014 pé nǹkan bí ìdá kan àbọ̀ péré nínú ọgọ́rùn-ún dókítà Amẹ́ríkà ló mú ìwádìí ṣe iṣẹ́ gidi. NIH tí mo ń dárúkọ yìí ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń náwó lórí ìwádìí ìlera, owó rẹ̀ sì ń súnmọ́ bílíọ̀nù 48 dọ́là lọ́dún. Kò sí àjọ kan láyé tó ń ná tó o lórí iṣẹ́ yìí.

## Kí ló wà nínú iṣẹ́ àkọ́kọ́ náà?

Ojú ọ̀nà gùn kí ènìyàn tó dé ibẹ̀. Àwọn kan gba ètò tó pa ìwé ẹ̀rí ìṣègùn àti PhD pọ̀, èyí tí NIH ti ń ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ láti 1964. Ó máa ń tó nǹkan bí ọdún mẹ́jọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, ọdún mẹ́ta ó kéré tán, ká tó máa sọ ti fellowship, ìyẹn ẹ̀kọ́ṣẹ́ àfikún nínú ẹ̀ka ìṣègùn kan. Nígbà tí wọn yóò bá fi gba lẹ́tà iṣẹ́, ọ̀pọ̀ wọn ti kọjá ọdún márùndínlógójì.

Orúkọ ipò náà ni assistant professor. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín: kì í ṣe igbákejì ọ̀jọ̀gbọ́n kankan. Ìpele àkọ́kọ́ ni, ó súnmọ́ Lecturer I nílé. Àwọn kan wà lójú ọ̀nà tenure, ìyẹn iṣẹ́ tó ní ìdánilójú títí, níbi tí fásitì ti fún wọn ní gbèdéke ọdún méje sí mẹ́wàá láti fi ara wọn hàn tàbí kí wọ́n kó ẹrù wọn. Àwọn mìíràn wà lójú ọ̀nà ti ilé ìwòsàn, níbi tí gbèdéke kò sí, ṣùgbọ́n tí ìdánilójú náà kò sí.

Lẹ́tà náà máa ń sọ nǹkan méjì tó ṣe pàtàkì ju owó oṣù lọ. Èkíní ni owó ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní startup: owó láàbù, ẹ̀rọ, àti owó oṣù àwọn tí yóò bá a ṣiṣẹ́. Fún ẹni tó ń lo láàbù, ó lè jẹ́ ọ̀kẹ́ àìmọye dọ́là, ó sì lè ju mílíọ̀nù kan lọ. Ó máa ń ní ọjọ́ tí yóò tán, bíi ọdún mẹ́ta. Ìkejì ni àkókò àyàsọ́tọ̀, ìyẹn ìpín ọ̀sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pè é sí wọ́ọ̀dù. Ìpín tí gbogbo ènìyàn ń wá ni ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún: nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin fún ìwádìí, ọjọ́ kan àti díẹ̀ fún aláìsàn.

Lórí àkókò yìí ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà ń ka iṣẹ́ dókítà pẹ̀lú ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní RVU, èyí tí Medicare, ètò ìlera ìjọba fún àwọn àgbàlagbà, ti ń fi sanwó láti 1992. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan tó wọlé ní iye RVU tirẹ̀, iye yẹn ló sì ń di owó. Ọjọ́ tí dókítà bá wà ní láàbù, kò sí RVU. Bí ilé ìwòsàn bá ń wá owó, ọjọ́ láàbù ni ojú ń kọ́kọ́ lọ sí. Ìwé lè sọ ìdá 75, kí ìgbésí ayé sì sọ ìdá 50: ìpè òru, àkọsílẹ̀ aláìsàn, àti ẹ̀rọ ìpè tí kì í dákẹ́. Mo rò pé ibi yìí ni àwọn ará ilé kì í rí nígbà tí wọ́n bá ń wo bí ọmọ wọn ṣe ń rù.

## Ta ló ń san owó oṣù wọn?

Ohun tó yani lẹ́nu jù nìyí. Fásitì gbà wọ́n síṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ṣèlérí láti máa san gbogbo owó oṣù náà títí. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, aṣèwádìí gbọ́dọ̀ máa wá ìpín tó bá ìwádìí mu fúnra rẹ̀, láti inú owó tí ó bá kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ NIH tàbí àwọn àjọ mìíràn.

Àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ ni owó tí orúkọ rẹ̀ ń fi lẹ́tà K bẹ̀rẹ̀. K08 wà fún àwọn tó ń ṣe ìwádìí láàbù, K23 fún àwọn tó ń ṣe é pẹ̀lú aláìsàn ní tààrà. Ó máa ń lọ fún ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ó sì pọn dandan pé kí ẹni tó gbà á fi ìdá 75 iṣẹ́ rẹ̀ sí i. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ka NIH máa ń gbà láàyè kí wọ́n fi ìdajì sí i. Lẹ́yìn K ni R01, owó ìwádìí gidi tó ń sọ ènìyàn di olómìnira. Nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló máa ń rí i gbà láwọn ọdún tó kọjá. Dókítà tó bá rí R01 àkọ́kọ́ rẹ̀ sábà máa ń ti lé ní ogójì ọdún.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbi K yìí, nítorí ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka NIH kì í san ju nǹkan bí 100,000 dọ́là lọ lórí owó oṣù ẹni tó gba K, nígbà tí owó oṣù dókítà ọkàn tàbí ti jẹjẹrẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Fásitì ló ń dí àlàfo náà. Owó overhead, ìyẹn owó ilé àti àkóso tí fásitì ń gbà lórí owó ìwádìí, kò sì ju ìdá 8 lọ lórí K. Nítorí náà, gbogbo ẹni tuntun tó gba K ń ná fásitì lówó. Láti inú èrè ilé ìwòsàn, ẹ̀bùn àwọn olówó, àti overhead tí àwọn àgbà aṣèwádìí ń mú wọlé ni fásitì ti ń rí agbára gbé e.

## Kí ni overhead, kí ló sì ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kejì 2025?

Bí NIH bá fún láàbù kan ní 100 dọ́là fún iṣẹ́ gan-an, ó máa ń fi owó mìíràn lé e fún fásitì: fún ilé, iná mànàmáná, ibi ìtọ́jú ẹranko ìwádìí, kọ̀ǹpútà, ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn tí wọ́n ń ṣe ìwádìí lé lórí, àti àwọn oníṣirò owó. Fásitì kọ̀ọ̀kan ló ń bá ìjọba dúnàádúrà lórí iye tirẹ̀. Nǹkan bí ìdá 27 sí 28 ni àròpín rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan ju ìdá 60 lọ.

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa èyí. Ìdá 60 kò túmọ̀ sí pé fásitì ń yọ 60 dọ́là nínú gbogbo 100. Wọ́n ń fi 60 lé orí 100 ni, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 160. Ìpín fásitì nínú àpapọ̀ yẹn jẹ́ 37.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Apá tó jẹ́ ti ọ́fíìsì àti àkóso pàápàá ti ní ààlà ìdá 26 láti 1991.

Lọ́jọ́ 7, oṣù Kejì, 2025, tó jẹ́ ọjọ́ Ẹtì, NIH kéde pé láti ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ìdá 15 ni òun yóò máa san fún gbogbo fásitì, àti lórí owó tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ pàápàá. Wọ́n ní yóò fi ohun tó ju bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là pamọ́ lọ́dún. Àwọn ìpínlẹ̀, fásitì àti ẹgbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́ ní Massachusetts. Lọ́jọ́ Ajé yẹn gan-an ni Adájọ́ Angel Kelley dá a dúró fúngbà díẹ̀, ó sì sọ ìdádúró náà di ìdájọ́ tó fìdí múlẹ̀ ní oṣù Kẹrin. Ìjọba pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

## Kí ni tọ̀tún tòsì ń wí?

Ìjọba Trump àti àwọn tó ń tì í lẹ́yìn ní owó overhead ti di owó tí ẹnikẹ́ni kò lè tọ́pa rẹ̀. NIH dárúkọ Harvard, Yale àti Johns Hopkins, tí iye tiwọn lé ní ìdá 60, bẹ́ẹ̀ ni owó ńlá sì wà ní àpò wọn. Wọ́n tún ní àwọn àjọ aláàánú, bíi ti Gates, kì í san ju ìdá 15 lọ, àwọn fásitì kan náà sì ń gba owó wọn láìráhùn. Lójú wọn, bí overhead bá dín, owó tó kù yóò lọ sí ìwádìí gan-an.

Àwọn fásitì dáhùn pé ọ̀nà ìṣirò kò dọ́gba. Àjọ aláàánú máa ń jẹ́ kí ènìyàn ka owó ilé àti ti àwọn òṣìṣẹ́ kan mọ́ owó iṣẹ́ gan-an, NIH kì í gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ti fi òfin ìnáwó dí ọ̀nà irú àyípadà yìí láti ìgbà tí ìjọba Trump àkọ́kọ́ dábàá ìdá 10 ní 2017. Èyí gan-an wà lára ohun tí adájọ́ gbé ìdájọ́ rẹ̀ lé.

Kì í ṣe pé gbogbo ẹni tó wà ní fásitì fẹ́ kí nǹkan wà bó ṣe wà o. Àwọn aṣèwádìí fúnra wọn ti ń ráhùn fún ọdún pípẹ́ pé àwọn kò mọ ibi tí overhead ń wọ̀. Ní 2025, àwọn ẹgbẹ́ fásitì pawọ́ pọ̀ gbé ètò tuntun kan jáde tí wọ́n ń pè ní FAIR, tí yóò mú kí wọ́n máa ka ọ̀pọ̀ nínú owó wọ̀nyí sí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní gbangba.

Àríyànjiyàn mìíràn wà lábẹ́ èyí, tó ti pẹ́ ju Trump lọ. Àwọn kan ní ẹni tó ń lé eku méjì á pòfo: kí dókítà tọ́jú aláìsàn, kí oní-PhD ṣe ìwádìí, kí àwọn méjèèjì sì máa bára wọn ṣiṣẹ́. Àwọn kejì ní ìbéèrè tó ń wá láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn kì í dé láàbù bí kò bá sí ẹni tó ń rìn láàárín méjèèjì. Ohun tí Ọ̀ṣuntókun rí ní UCH kí ó tó lọ sí Ẹ̀pẹ́ wà lára ẹ̀rí wọn.

## Bí ilé ẹjọ́ bá ti dá a dúró, kí ló dé tí iṣẹ́ ṣì ń já?

Nítorí pé overhead nìkan kọ́ ni. Ní oṣù Kẹta 2025, ìjọba fagi lé owó tó tó 400 mílíọ̀nù dọ́là ní fásitì Columbia. Ní oṣù Kẹrin, ó dá ohun tó ju bílíọ̀nù méjì lọ dúró ní Harvard. Owó àwọn ọ̀dọ́ aṣèwádìí wà nínú rẹ̀. Adájọ́ kan sọ ní oṣù Kẹsàn-án pé ti Harvard lòdì sí òfin, Columbia sì ti bá ìjọba ṣe àdéhùn kó tó dìgbà náà. Lọ́jọ́ 21, oṣù Kẹjọ, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fi adájọ́ márùn-ún borí mẹ́rin, ó gbà kí NIH máa fagi lé owó ìwádìí tó tó 783 mílíọ̀nù dọ́là lọ, ó sì ní ilé ẹjọ́ mìíràn ni irú ẹjọ́ owó bẹ́ẹ̀ yẹ kó lọ.

Ìyípadà kan tún wà tí kò pariwo rárá. Tẹ́lẹ̀, NIH ń san owó ìwádìí lọ́dọọdún. Ní àárín 2025, ìjọba ní kí ó máa san ti ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́ẹ̀kan náà fún ìpín ńlá nínú àwọn owó tuntun. Bí àpò kò bá kún sí i, tí ẹnì kan sì gba ti ọdún márùn-ún lọ lójú kan náà, iye àwọn tí yóò rí gbà lọ́dún náà á dínkù. Ẹni tuntun tí owó ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta péré kò lè dúró di ọdún kẹrin.

Ìjọba tún dábàá láti gé owó NIH fún ọdún ìnáwó 2026 ní nǹkan bí ìdá 40. Ìgbìmọ̀ ìnáwó Ilé Aṣòfin Àgbà kọ̀ ọ́ ní oṣù Keje 2025, wọ́n tilẹ̀ fẹ́ fi 400 mílíọ̀nù kún un. Ṣùgbọ́n fásitì kì í dúró de òpin irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ kó tó gbára dì. Harvard, Stanford àti àwọn mìíràn dá ìgbanisíṣẹ́ dúró. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn UMass Chan fagi lé ìgbaniwọlé tó ti fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ PhD.

Ìdí nìyẹn tí ẹni tuntun fi ń kọ́kọ́ jìyà. Owó K rẹ̀ kò sí lábẹ́ òfin ìdá 15, nítorí ìdá 8 ni tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àpò tí fásitì ti ń mú startup àti owó ìdí-àlàfo jáde ló ń gbẹ.

## Ọ̀nà wo ló gbà kan àwọn ọmọ Nàìjíríà?

Ọ̀nà mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́: K08 àti K23 wà fún ọmọ Amẹ́ríkà tàbí ẹni tó ní green card nìkan. Ọmọ Nàìjíríà tó wà lórí físà lè béèrè R01, ó sì lè béèrè K99/R00 bó bá ṣì ń kọ́ṣẹ́ ìwádìí lábẹ́ ọ̀gá, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gùn kò sí fún un.

Èkejì ni físà. Ọ̀pọ̀ dókítà tó ti òkèèrè wá fi físà J-1 ṣe ẹ̀kọ́ṣẹ́. Òfin ní kí wọ́n padà sílé fún ọdún méjì, àfi bí wọ́n bá gba ìdáríjì. Ìdáríjì tó wọ́pọ̀ jù, Conrad 30, ń béèrè iṣẹ́ wákàtí 40 lọ́sẹ̀ fún ọdún mẹ́ta pẹ̀lú aláìsàn níbi tí dókítà ti wọ́n. Wákàtí 40 lọ́dọ̀ aláìsàn àti ìdá 75 ní láàbù kò lè jókòó sínú ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ẹ̀bùn ìwádìí ló ti pa á tì fún ọdún mẹ́ta yẹn, àwọn kan kò sì padà sí i mọ́.

H-1B, ìyẹn físà iṣẹ́, náà ti yí padà. Ìkéde ọjọ́ 19, oṣù Kẹsàn-án, 2025 fi 100,000 dọ́là lé ìbéèrè tuntun fún ẹni tó wà lẹ́yìn odi. Fásitì, tí ààlà iye físà ọdọọdún kò kàn, kò bọ́ lọ́wọ́ owó yìí. Àlàyé ìjọba ní oṣù Kẹwàá sọ pé ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà tó ń yí físà padà níbẹ̀ kò ní san án. Lẹ́yìn náà, ìkéde ọjọ́ 16, oṣù Kejìlá fi Nàìjíríà àti Benin sínú àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n dá físà ìbẹ̀wò, ti akẹ́kọ̀ọ́ àti J dúró fún láti ọjọ́ 1, oṣù Kìíní, 2026. Tógò ti wà nínú irú ìdènà bẹ́ẹ̀ láti oṣù Kẹfà 2025.

Ẹ̀kẹta wà nílé. Láti 1992 ni owó NIH ti gbé ìwádìí kan láàárín Ìbàdàn àti Indianapolis, níbi tí wọ́n ti ń fi àwọn àgbàlagbà àdúgbò Ìdíkàn n'Ìbàdàn wé àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Ọ̀ṣuntókun wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àbájáde rẹ̀ ní 2001 fi hàn pé àìsàn ìgbàgbé Alzheimer kéré ní Ìbàdàn. Lọ́jọ́ 1, oṣù Karùn-ún, 2025, NIH dá ọ̀nà tí fásitì Amẹ́ríkà ń gbà pín owó fún alábàáṣiṣẹ́ ní òkèèrè dúró, títí ètò tuntun yóò fi dé. Owó K43 ti Fogarty, ẹ̀ka NIH tó ń bójú tó ìlera àgbáyé, tó wà fún ọ̀dọ́ aṣèwádìí ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa, bọ́ sínú ewu pẹ̀lú ní 2025: ìjọba dábàá pé kí wọ́n pa Fogarty rẹ́ pátápátá nínú ètò ìnáwó 2026.

## Kí ni àwọn tó ń gba lẹ́tà iṣẹ́ báyìí ń wò nínú rẹ̀?

Tẹ́lẹ̀, iye startup ni wọ́n ń bá ara wọn sọ. Ní báyìí, ọjọ́ tí owó náà yóò kú ni wọ́n ń béèrè, àti bóyá wọ́n lè sún un síwájú bí NIH bá pẹ́. Wọ́n ń fẹ́ kí ìdá 75 wà ní kíkọ, pẹ̀lú iye ọjọ́ klíníìkì àti ìpè òru, kí ó má jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu olórí ẹ̀ka tó lè kúrò lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n ń béèrè ẹni tí yóò san àlàfo bí K bá wọlé, àti iye oṣù tí fásitì yóò fi gbé wọn bí K kò bá wọlé ní ìgbìyànjú kìíní, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó bọ́ sí i. Ẹni tó wà lórí físà tún ń béèrè ìgbà tí fásitì yóò bẹ̀rẹ̀ ìwé green card rẹ̀, nítorí ọjọ́ tí green card bá jáde ni ẹ̀tọ́ sí K08 àti K23 tó bẹ̀rẹ̀.